Ọwọ́ Méjèèjì

Ọjọ́rú, oṣù Kẹjọ, 1978. Adó.

Mo rò pé mo ti mọ àwòrán wáyà iná ẹ̀rọ tí wọ́n ń yà bí àkàbà yìí. Ọwọ́ méjèèjì ló yẹ kó tẹ bọ́tìnnì méjì kí ẹ̀rọ tó tẹ páànù, kí ọwọ́ má baà sí lábẹ́ irin. Lónìí, ọ̀gá tó ń kọ́ mi níṣẹ́ fi okùn so bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀ lára ẹ̀rọ tí a fi àwòrán mi so wáyà rẹ̀, ó ń tẹ ìkejì, irin ń já wálẹ̀ gbì, gbì.

"Ọwọ́ kejì dà?" ni ó bi mí.

Ojú tì mí. Bàámi olóògbé ni mo rántí, ní Ìgbẹmọ. Bí mo bá na ọwọ́ kan gba iṣu sísun, wọ́n á fa iṣu náà sẹ́yìn: "Gbé méjèèjì wálẹ̀ ná, kó o wá nà wọ́n pọ̀."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ṣe tún àwòrán náà yà: ọwọ́ gbọ́dọ̀ kúrò lórí bọ́tìnnì méjèèjì ná, kó wá tẹ̀ wọ́n pọ̀, kí irin tó wálẹ̀. Okùn ò lè tan ẹ̀rọ náà mọ́.

Iṣu tuntun ti jáde, Bàámi. Mo na ọwọ́ méjèèjì, ẹ ò sí níbẹ̀ láti gbé e lé mi lọ́wọ́.