Bọ́tìnnì inú Àwòrán Omi Tó Fẹ́ Sọ Bàbá Rẹ Di Olè

Dorsaf ọmọ mi,

Kí àlàáfíà Ọlọ́hun wà pẹ̀lú rẹ ní Tunis níbẹ̀, kí àtẹ̀gùn ilé gíga tí o ń gbé má ṣe yọ̀ ọ́ lẹ́sẹ̀, kí oúnjẹ ìlú ńlá má ṣe dà ọ́ nínú rú. Àwa ní Bir Ruma wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun. Ewúrẹ́ dúdú ti bí ìbejì. Dàbínù ọdún yìí dùn, ṣùgbọ́n ìjì iyanrìn gbọn púpọ̀ dànù nínú wọn kí wọ́n tó pọ́n tán. Ojú bàbá rẹ ṣì ń ṣe bàìbàì. Mo ní kí a lọ sí ilé ìwòsàn ní Kebili, wọ́n ní ojú tí àwọn fi rí mi fẹ́ ṣì tó àwọn lò.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà tí o bá wa gbé sí ilé ẹ̀rọ omi ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Jókòó kí o tó kà á, nítorí ó kù díẹ̀ kó tú ilé wa.

Nígbà tí o wá ṣe ọdún Iléyá, o sọ fún àwọn àgbà oko pé nínú kọ̀ǹpútà ibòmíràn, àwòrán máa ń rìn lọ́tọ̀, bọ́tìnnì á sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́tọ̀, ṣùgbọ́n ìwọ ti gbé bọ́tìnnì wọ inú àwòrán lọ, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè rí ọgbà rẹ̀ àti omi tó ń ṣàn lọ síbẹ̀, kí ó sì tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ níbẹ̀ gan-an kí ilẹ̀kùn omi ṣí. Inú gbogbo wa dùn. Nígbà tí o lọ tán, mo ti ọwọ́ bọ ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà náà wò bóyá ó ń jò, ṣùgbọ́n ó gbẹ. Mo sọ fún Salha, ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, pé ọmọ mi mọ omi í dè. Bí oòrùn bá mú, mo máa ń da aṣọ bò ó kí omi inú rẹ̀ má baà fà. Láràárọ̀ ni mo sì ń dúró níwájú rẹ̀ kí ọ, bóyá o ń wò wá láti òdìkejì. Bí o bá ń gbọ́, ó yẹ kí o máa dáhùn.

Nísinsìnyí, gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ó kan Tijani, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, láti gba omi. O mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti pín ilẹ̀ baba wọn ni àwọn méjèèjì kò ti jọ jẹun mọ́. Bàbá rẹ, tí kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ wọn, lọ sídìí kọ̀ǹpútà, wọn kò rí bọ́tìnnì Tijani dáadáa, ni wọ́n bá yí kẹ̀kẹ́ kékeré tó wà lẹ́yìn ohun tí ẹ ń pè ní eku, bí o ṣe kọ́ wọn, kí àwòrán lè tóbi. Àwòrán wú, igi dàbínù wú, gbogbo bọ́tìnnì bá a sún. Wọ́n tẹ ti Tijani, wọ́n rí i pé omi ń ṣàn nínú àwòrán, wọ́n sì lọ kírun. Wọn ò mọ̀ pé ọgbà wa ni omi ń wọ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, tí ata àti àlùbọ́sà Tijani ń rọ sílẹ̀ nínú oòrùn.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí níṣojú gbogbo èèyàn. Ó ní, "Lamin, olè! O gba èyí tó dára nínú ilẹ̀ baba wa, omi ló tún kù! Ọmọbìnrin rẹ ló ṣe kọ̀ǹpútà yẹn kí omi lè máa rọ́ wá sílé baba rẹ̀." Dorsaf, ó mú ìwọ náà mọ́ ọn. Bàbá rẹ wọlé, wọn kò fọwọ́ kan kuskus tí mo gbé kalẹ̀, wọ́n sì dá kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ padà fún Hafnawi, alága ẹgbẹ́ olómi. Ní ọjọ́ kejì, àwọn kan ti ń gbé ọkọ́ bọ̀ láti wá fọ́ kọ̀ǹpútà náà. Bàbá rẹ dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n sọ fún Tijani pé, "Ẹ̀gbọ́n, kí wọ́n tó fọ́ ọ, ẹ wọlé, ẹ tẹ̀ ẹ́ fúnra yín."

Tijani jókòó. Bàbá rẹ bá a mú àwòrán tóbi bíi ti àná. Ẹ̀gbọ́n wọn tẹ bọ́tìnnì ara rẹ̀, gbogbo wa yọjú síta, omi sì gba ojú ọ̀nà ọgbà wa lọ. Ó tún un tẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń tì í?" Kò sẹ́ni tó ń tì í. Inú bí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ibi gbogbo, títí ó fi tẹ iyanrìn lásán nínú àwòrán, níbi tí kò sí bọ́tìnnì kankan, ni ilẹ̀kùn omi rẹ̀ bá ṣí.

Bó ṣe yé mi ni pé bọ́tìnnì bá àwòrán rìn lọ, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ kò bá a lọ. Etí jókòó síbi tí o gbé e kalẹ̀ sí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá pe Tijani, etí ẹlòmíràn ló ń gbọ́. Má fi bọ́tìnnì sílẹ̀ láìde etí rẹ̀ mọ́ ọn lórí.

Tijani dìde. Kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ó padà sẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí náà, ó dúró títí wọ́n fi kírun tán, ó ní, "Mo purọ́ mọ́ àbúrò mi, mo sì purọ́ mọ́ ọmọ rẹ̀." Lẹ́yìn náà ó bá bàbá rẹ wá sílé. Mo po tíì. Wọn kò dárúkọ ilẹ̀. Tijani kàn ní, "Ìyàwó wa, ṣúgà yìí kéré," mo sì mọ̀ pé ìjà ti parí. Lẹ́yìn ìgbà náà, Hafnawi dá kọ́kọ́rọ́ padà fún bàbá rẹ, Tijani sì máa ń wá jókòó ti àbúrò rẹ̀ nílé ẹ̀rọ, ó ní òun ń wo omi.

Ọmọ mi, nígbà tí òtútù bẹ̀rẹ̀, Tijani sùn, kò jí. Bàbá rẹ ló wẹ̀ ẹ́ fúnra wọn. Mi ò fẹ́ kí o gbọ́ ọ lórí fóònù, nítorí fóònù kì í jẹ́ kí èèyàn sunkún tán kí ó tó já.

Hafnawi ní kí o pa orúkọ Tijani rẹ́ kúrò nínú omi, kí o fi orúkọ Salha sí i. Bàbá rẹ ní rárá. Mo bẹ̀ ọ́, tún etí bọ́tìnnì ṣe, jẹ́ kí lẹ́tà inú rẹ̀ tóbi fún ojú bàbá rẹ, ṣùgbọ́n fi orúkọ yẹn sílẹ̀ ná. Bàbá rẹ ní kí n má kọ èyí: bí ó bá kan ọgbà Tijani, èmi ni mo ń tẹ bọ́tìnnì. Bàbá rẹ á bọ́ bàtà, wọ́n á lọ dúró nínú ọ̀nà omi ẹ̀gbọ́n wọn, títí wọ́n á fi mọ̀ ọ́n lẹ́sẹ̀ pé ó ti dé.

Fi dínárì díẹ̀ ránṣẹ́ kí a rí ẹni tí yóò gun igi dàbínù Salha, nítorí kò ní ẹni tó máa gùn ún. Má fi sí báǹkì. Ọkùnrin báǹkì ní Kebili ní kí n tẹ bọ́tìnnì lára ògiri, mi ò sì mọ ibi tí etí ìyẹn wà. Fi rán awakọ̀ tó ń ná Kebili. Bí ààyè bá sì wà, gbé ara rẹ wá.

Ọlọ́hun tó fi àṣìṣe rẹ bá wa tún ilé ṣe, kí ó má ṣe jẹ́ kí o tún ṣe irú rẹ̀ mọ́. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Mabruka.