Bí Ibùdó Kẹrìnlá Ṣe Bọ́ Lọ́wọ́ Wa

Birkeland, Minnesota
Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn tí ẹ ṣí ìkànnì yín

Marit ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì kí ọ kú iṣẹ́ tí ó wà lọ́rùn rẹ. Mo nírètí pé ara rẹ le, pé ilé rẹ móoru, àti pé orí tábìlì ni o ti ń jẹun, kì í ṣe iwájú kọ̀ǹpútà. Kí Ọlọ́run tí ó mú wa la ìgbà òtútù yìí já títí di òní má ṣe jẹ́ kí agbára rẹ tán lójú àwọn tí ó gbójú lé ọ. Ara tèmi náà le. Orúnkún mi ọ̀tún ń ṣe bí ó ti máa ń ṣe. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Yìnyín ti bo fèrèsé ilé ìdáná dé ìdajì. LaVonne Petrich, aládùúgbò wa, ti ra ajá kan tí ó ń gbó mọ́ ọkọ̀ tí ń kó yìnyín kúrò lójú títì. Ìwàásù pásítọ̀ tuntun kúrú. Inú gbogbo wa dùn sí i, ẹnikẹ́ni kò sì tíì sọ ọ́ fún un.

Ọ̀rọ̀ ibùdó kẹrìnlá ni mo torí rẹ̀ kọ̀wé. O mọ̀ pé mo fẹ́ gbà á fún ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù August, kí gbogbo wa lè pàgọ́ létí Adágún Kettle lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí a kò dé ibẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí baba rẹ ti kú. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni bí mo ti fẹ́ ẹ tó.

Láyé ìgbà tí Ọ̀gbẹ́ni Delbert Haugen ń ṣọ́ ọgbà ìpàgọ́ tí ó wà létí adágún náà, òun ni ó máa ń pè wá lórí fóònù ní kété tí ọdún tuntun bá wọlé. Òun a ní, Ìyáàfin Nygaard, ibùdó kẹrìnlá ṣófo o, ṣé kí n kọ orúkọ Orrin ọkọ yín sí i? Èmi a ní rárá o, ó dájú pé ẹni tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ ju tiwa lọ yóò fẹ́ ẹ. Òun a ní kò sí ẹni tí ó tíì béèrè. Èmi a ní a kò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Òun a ní ìyọnu wo, igi ni òun ń ṣọ́, igi kì í yọ ènìyàn lẹ́nu. Nígbà náà ni èmi a tó ní ó dára, bí kò bá ti ni ẹnikẹ́ni lára. Baba rẹ a dúró lẹ́yìn mi, a máa sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé Ardis, jọ̀ọ́ gbà á kí ọkùnrin náà tó bínú. Bẹ́ẹ̀ ni ọdún ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ ní ilé wa.

Ǹjẹ́ o ṣì rántí igi páìnì tí ó fẹ̀yìn ti omi, níbi tí baba rẹ ti máa ń ha ìpẹ́ ẹja, tí ìwọ á máa ka òórùn rẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ fún un? Ẹyẹ adágún a máa ké ní ìrọ̀lẹ́ bí ẹni tí ó ń pe ọmọ rẹ̀ wọlé. Mi ò tíì gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ níbòmíràn.

Ọ̀gbẹ́ni Haugen ti lọ sinmi, ìkànnì tí a fi ń gba ibùdó ni ó kù, o sì sọ fún mi pé ìkànnì náà wà lára iṣẹ́ rẹ. O ní Màmá, kì í ṣe ojú-ìwé tí ẹ ń wò ni ó ń jìyà. O ní ilé ìpamọ́ kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí àkọsílẹ̀ gbogbo ibùdó wà. Bí gbogbo Minnesota bá dé lẹ́ẹ̀kan náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí a ṣí i, ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo náà ni gbogbo wọn ń kàn, tí wọ́n ń béèrè ohun kan náà, títí ọwọ́ ilé ìpamọ́ náà kò fi ní ká iṣẹ́ mọ́, tí gbogbo rẹ̀ yóò sì dákú. Nítorí náà ni ẹ ṣe kọ́ yàrá ìdúró síwájú, tí ẹ sì tún fi ẹ̀dà ohun tí wọ́n ń béèrè jù sí ìta, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀dà náà lè má tíì mọ ohun tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yí padà nínú ilé ìpamọ́. Ó yé mi. Mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, mo sì kọ́ àwọn ọmọ ìlú yìí ní jọ́gíráfì títí mo fi fẹ̀yìn tì.

Mo wá ṣe ìwọ̀nba tí mo lè ṣe láti mú ẹrù rẹ fúyẹ́. Ní ilé ìfìwéránṣẹ́, mo ṣàlàyé fún àwọn ènìyàn pé ọmọ mi ni ó ru gbogbo ìpínlẹ̀ yìí ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí a má ṣe tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan náà. LaVonne ní ṣé ìka òun kan yìí náà ni yóò wúwo lọ́rùn Marit? Mo ní kí ó ro iye ìka tí ó wà ní Minnesota. Ó ní ó dára, òun yóò kọ́kọ́ fún ajá lóúnjẹ. Clayton Ostby àgbà ní òun kì í pàgọ́ ní tòun, òun ti sùn nínú àgọ́ tó nígbà tí òun wà nínú iṣẹ́ ológun, ṣùgbọ́n òun kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun lọ́jọ́ náà nítorí tìrẹ, títí kan tẹlifíṣọ̀n. Dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo tún fi agolo krumkake kan, bisikíìtì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo máa ń yan, ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì yín, fún ẹni tí ó ń dúró nínú ilé ìpamọ́ yẹn. O kò tíì sọ bóyá ó rí i gbà. Bí ó bá ṣẹ́kù, kí ó fún àwọn tí ń ṣe ẹ̀dà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, mo wọ aṣọ búlúù tí mo fi ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo sì jókòó síwájú kọ̀ǹpútà. Ojú-ìwé náà ní mo ti wà nínú yàrá ìdúró, àti pé àwọn tí ó wà níwájú mi lé ní ọ̀kẹ́ kan. Ẹ̀rù bà mí. Mo ń ronú ibi tí wọ́n gbé ọkọ̀ wọn sí. Wọn kò mẹ́nu kan àga, wọn kò mẹ́nu kan kọfí, ó sì dájú pé àwọn kan nínú wọn gbé ọmọ lọ́wọ́. Mi ò dìde, mi ò mu omi, mi ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan, kí ó má baà dà bíi pé mo ń ti ẹni tí ó wà níwájú.

Nígbà tí ó yá, ó ní ó kàn mí. Àwòrán adágún náà jáde, mo sì rí ibùdó kẹrìnlá, ó ní àwọ̀ ewé, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó béèrè pé ṣé mo fẹ́ ẹ. Ó kọ Bẹ́ẹ̀ ni sí apá kan, ó kọ Rárá sí apá kejì.

Marit, mo tẹ Rárá.

Ìdáhùn wo ni ó tún wà? Ìbéèrè àkọ́kọ́ nìyẹn, èrò sì wà lẹ́yìn mi. Mo ká ọwọ́ mi sórí itan, mo ń retí kí ó sọ pé kò sí ẹlòmíràn tí ó béèrè. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì dá mi padà sí yàrá ìdúró, sí ìparí ìlà.

Àsìkò yìí ni LaVonne wọlé pẹ̀lú yìnyín lẹ́sẹ̀, ó bi mí pé òkú ta ni mo fẹ́ lọ sin tí mo fi múra báyìí. Mo ṣàlàyé fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di fíríìjì mú. Ó ní Ardis, ẹ̀rọ ni o! Ó bi ọ́, o kọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ! Mo ní ẹ̀rọ tí ọmọ mi bá lọ́wọ́ sí yóò ti gba ẹ̀kọ́ ilé. Ó ní bóyá ọmọ náà ti pẹ́ jù ní Minneapolis. Mo yí ojú padà sí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀sán ti pọ́n kí ó tó tún kàn mí. Kẹrìnlá ṣì ní àwọ̀ ewé. Mo tẹ Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ẹnìkan ti gbà á. Mo tún wò ó, àwọ̀ ewé náà ni. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹnìkan ti fi kóòtù òtútù rẹ̀ lélẹ̀ gba àyè síbẹ̀ ni, kí n tó rántí ẹ̀dà tí o sọ. Ó dà bí ìwé ìsìn wa tí ó ní kí a gbàdúrà ìwòsàn fún Ìyáàfin Quist ní ọjọ́ Ìsinmi lẹ́yìn tí a sin ín.

Kẹtàdínlógún ni ó kù, èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣálángá. Mi ò jẹ́ kí ó parí ìbéèrè tí mo fi tẹ Bẹ́ẹ̀ ni. LaVonne rí mi. Ojú ṣì ń tì mí, ṣùgbọ́n ibùdó náà ti di tiwa, ọ̀sẹ̀ kejì August.

Mi ò nílò owó. Ohun tí mo ń béèrè ni pé kí o bá àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́, kí ẹ̀rọ náà máa béèrè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó kéré tán lọ́wọ́ àwa àgbà apá ibí yìí. Bí ìyẹn bá pọ̀ jù fún ilé ìpamọ́, kí ó kàn sọ pé kò ni òun lára. Bá mi ra èèkàn àgọ́ pẹ̀lú. Tiwa ti dípẹtà.

Ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́ tí ó kọjá, nínú oṣù November, bí a ti ń fọ abọ́, mo bi ọ́ bóyá wàá bá mi lọ sí adágún. O ní rárá Màmá, iṣẹ́ ti pọ̀ jù. Mo ní kò burú, mo sì fi aṣọ ìnuwọ́ kọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ yín ṣe sí mi, kò sì dùn mọ́ mi. Nítorí náà, mo tún ń bi ọ́: àyè wà fún ọ, Marit. Kò ni ẹnikẹ́ni lára. Bí o bá tún ní rárá, màá mọ̀ pé mo kọ́ ọ dáadáa, màá sì béèrè lẹ́ẹ̀kẹta.

Kí Olúwa ṣọ́ ìjáde rẹ, kí ó sì la ọ̀nà ilé fún ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ardis Nygaard