Kòkó Tí A Kò Tà Lórí Igi

Oǹdó, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú

Bàbá Súlè tó máa ń ra kòkó oko wa ní Bọ́lọ́rundúró tún gbé owó wá lónìí. Èso ṣì kéré lórí igi. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lọ́dọọdún: a ó gba owó rẹ̀ san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ, tí kòkó bá sì gbẹ, iye tó bá wù ú ni yóò fi kó o. Ká tó ṣẹ́jú, gbèsè tún dé.

Mo ti na ọwọ́ láti gbà á. Ìyàwó mi ní, "Bàbá, ẹ ṣeun. A ò gbà á lọ́dún yìí."

"Ìyàwó Tíṣà, ta ló fẹ́ bá yín san owó ilé-ìwé? Ẹ ṣì máa wá mi wá o!"

"A óò wá yín wá dájúdájú, sà. Kòkó gbígbẹ la ó gbé dání."

Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wọ mọ́tò.

Ìgbà tó lọ tán ni ìyàwó mi sọ pé òun ti lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé lọ́jọ́ Ajé, àti pé ó gbà ká san owó náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọdún mélòó ni ojú fi ń ti èmi láti béèrè? Èmi tíṣà, kí n lọ máa bẹ tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi...

Ìdá kìíní yóò ti inú owó oṣù mi jáde. Mọ́tò mi yóò jókòó sílé, a ó sì máa jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ oko. Kò ní rọrùn.

Ṣùgbọ́n kòkó tó wà lórí igi nísinsìnyí, tiwa ni. Olúwa, mo dúpẹ́ pé ìyàwó mi ṣáájú mi sọ̀rọ̀.