Ìwọ́ Ọmọ Wa Ṣì Wà Nínú Ìkòkò

Ẹ kú ilé o, Ẹ̀gbọ́n mi. Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà yìí, orúnkún ń dún bí igi gbígbẹ, àmọ́ mo kúnlẹ̀. Ẹ bá mi kí baálé, ẹ kí àwọn ìyàwó ilé, ẹ kí àwọn ọmọ tó máa ń sọ Faransé síra wọn tí wọ́n bá fẹ́ bú wa. Dúpẹ́, ọmọ Mọ́rẹ́nikẹ́ ọmọ mi, ló ń bá mi kọ lẹ́tà yìí. Ó ní ìwé ìròyìn máa tẹ̀ ẹ́ jáde. Ó ní bí bodè tiẹ̀ tì, ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di àkàrà ṣì ń kọjá. Ẹni tó bá fi di nǹkan dé Kétu, kó jọ̀ọ́, kó jẹ àkàrà ẹ̀ tán, kó kà á fún yín.

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọ tuntun Mọ́rẹ́nikẹ́ ni mo wá wẹ̀ ní Ìlaró. Mo ní bí ìdodo ọmọ bá ti jinná, mo ti ń bọ̀ nìyẹn. Àfi bí àwọn sójà ṣe ti bodè. Ilé Mọ́rẹ́nikẹ́ dáa o, mi ò lè parọ́. Ọkọ ẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní Pólì, ó ń tọ́jú mi, bí owó tiẹ̀ ń wọ́n wọn. Àmọ́ kálukú tilẹ̀kùn mọ́rí. Tí mo bá kí ará ilé kejì lójú fèrèsé, á rò pé mo fẹ́ tọrọ iyọ̀ ni. Gbogbo àgbàlá ni wọ́n da sìmẹ́ǹtì sí, èèyàn ò ríbi sin eku.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ́ ọmọ já, kò sí ilẹ̀ tá a máa sin ín sí. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ìwọ́ ọmọ ilé wa kì í sùn sílẹ̀ onílẹ̀, ìdí àgbọn ojúde wa ni. Tiyín ń bẹ níbẹ̀, tèmi ń bẹ níbẹ̀, ti Mọ́rẹ́nikẹ́ náà ń bẹ níbẹ̀. Ni mo bá wá àgbọn kan tó ti hù, mo gbìn ín sínú bàsíà tánganran Mọ́rẹ́nikẹ́, mo fi aṣọ funfun wé ìwọ́, mo tẹ̀ ẹ́ sí ìdí ẹ̀. Mo ní tòun ti iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀ ni máa gbé e wálé. Ẹ̀yin náà ránṣẹ́ pé ẹ ti gbẹ́ ihò sílẹ̀ dè é, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọn tèmi.

Mo kúkú gbé e débi tí mo lè gbé e dé. Èmi àti Dúpẹ́ gbé e dé Ẹ̀gùá, lẹ́bàá bodè. Sójà kan ní Màmá, kí lẹ rù? Mo ní ọmọ ni. Ó wo inú bàsíà, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ yìí kò sọkún. Mo ní á sọkún tí ẹ bá lé wa padà. Ó ní kí n má bínú, pé ìyá tòun náà ń bẹ nílé, àmọ́ kí n padà. Mo padà. Èmi ni mo sọkún.

Bàsíà wá dúró sí igun pálọ̀. Àwọn àlejò ń yìn ín pé òdòdó yìí rẹwà. Ẹ mọ̀ pé nílé wa, ìdí àgbọn ọmọ la máa ń da omi ìwẹ̀ ẹ̀ sí. Mò ń dà á síbẹ̀ láràárọ̀, tòun ti ọṣẹ tòun ti osùn. Mi ò sì lu ìdí bàsíà, torí a ní ohun tó bá gba ìwọ́ ọmọ ò gbọdọ̀ jò, kí oríire ọmọ má bá a jò lọ. Mo gbàgbé pé ilẹ̀ ilé wa ń mumi, bàsíà ò ní ọ̀fun.

Ewé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ó sorí kọ́ bí ẹni tí wọ́n bá wí lójú àna. Mo rò pé òùngbẹ ni, mo tún bu omi sí i. Ọkọ Mọ́rẹ́nikẹ́ ní Màmá, ó ti kú, ẹ jẹ́ n bá yín dà á nù. Mo ní kó kọ́kọ́ bá mi da ara mi nù. Ìgbà tí ìyàwó ẹ̀ sọ ohun tó wà nínú ẹ̀ fún un, ó fi bàsíà sílẹ̀. Ó gbé mọ́tò ẹ̀, ó lọ bu yanrìn odò wá.

Mo tú u. Ó ń rùn bí fùfú tó ti ṣá. Gbòǹgbò ti dúdú, ó rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ jíjẹrà. Mo mú ọ̀bẹ, mo gé gbogbo èyí tó rà, mo fi èyí tó funfun tó sì le sílẹ̀. Aṣọ ti di iyẹ̀pẹ̀, ìwọ́ ti di iyẹ̀pẹ̀, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ọmọ mọ́. Mi ò lè da ìkankan nù. Mo sá gbogbo ẹ̀ sóòrùn títí ó fi gbẹ, mo pò ó mọ́ yanrìn. Kò wá sí ìkòkò tí ìdí ẹ̀ lu àfi ajere tí mo fi ń fọ irú. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pe àpà èèyàn ní ajere! Mo gbàdúrà lórí ẹ̀ kí n tó gbìn ín. Mo ní Olúwa, omi nìkan ni kó jò.

Mo gbé e sẹ́bàá fèrèsé tí oòrùn àárọ̀ ń yọjú sí. Ní báyìí, ìka ni mò ń tì bọ iyẹ̀pẹ̀. Tí ìka bá tutù, mi ò fún un lómi. Tó bá gbẹ, mo fún un, omi lásán, láìsí ọṣẹ. Ọyẹ́ ń bu eruku lé e, mò ń fi àkísà tútù nu ewé ẹ̀ bí ẹni nu ojú ọmọ. Mò ń yí i kó má baà tẹ̀ síbì kan. Ó pẹ́ tó fi sorí kọ́ bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kan ni ewé tuntun yọ láàárín, ó nà gbọnrangandan. Mo jó, Dúpẹ́ rí mi. Àmọ́ láìpẹ́ mo tún rí gbòǹgbò tó ń yọrí látinú ihò ajere, ó ń wá ilẹ̀ kiri lórí sìmẹ́ǹtì. Ẹ̀gbọ́n, ikú ẹ̀ ò bà mí lẹ́rù mọ́. Dídàgbà tó ń dàgbà ló ń bà mí lẹ́rù. Bodè ò mọ̀ pé ó ń dàgbà.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kan dé láti Ẹ̀gùá, ó ní èèyàn òun kan rí yín. Ó ní ẹ ò lè rìn mọ́, pé gbígbé ni wọ́n ń gbé yín wá sójúde. Ó ní ẹtí ihò yẹn lẹ máa ń jókòó sí látàárọ̀, pé tí ọmọdé bá fẹ́ dí i, ẹ ń fi ọ̀pá lé e. Mo fi ìyẹn rẹ́rìn-ín. Nígbà tó lọ tán, mi ò lè jẹun.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n dí ihò yẹn. Àgbàlagbà kì í jókòó ti ihò tó ṣí sílẹ̀. Ihò ò mọ àgbọn yàtọ̀ séèyàn. Ẹ ní kí wọ́n gbin ẹ̀fọ́ sórí ẹ̀, kí ẹ máa jẹ ẹ́. Bí mo bá dé, ọwọ́ mi ni máa fi gbẹ́ òmíràn, kí ẹ jókòó síbẹ̀, kí ẹ máa bú mi pé kò jìn tó.

Ọlọ́run á dá ẹ̀mí yín sí dè mí. Ilẹ̀ ò ní gbà yín lọ́wọ́ wa. Ẹ kí gbogbo ilé, ẹ fọwọ́ kan àgbọn tèmi fún mi.

Èmi ni Àṣàkẹ́, àbúrò tí ẹ fẹ̀yìn pọ̀n tí ẹ sì tọ́ dàgbà,
ọmọ yín.