Ohun Tí Mo Gbọ́ Láti Ìjókòó Òkè ní Epidavros

Àǹtí Evanthia, ẹ kú iṣẹ́ ètò orí rédíò yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí, ilé ìwé àti èmi ti pínyà. Kò sí ẹni tí mi ò lè sín ohùn rẹ̀ jẹ, ohun tí gbogbo ayé sì fi mọ̀ mí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká pe ẹ̀gbọ́n mi ní Lefteris. Òun ló ń wa bọ́ọ̀sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkè òkun tó ń wá wo tíátà olókùúta àtijọ́ ní Epidavros níbí. Ìfẹ́ Maren, ọ̀kan nínú wọn, ti kó sí i lórí. Ó fẹ́ mú un wá jẹun lọ́dọ̀ ìyá wa ní Sátidé.

Lánàá, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ sórí ìjókòó òkè pátápátá. Maren àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ dúró láàárín ojú agbo nísàlẹ̀, wọn ò rí mi. Olùkọ́ wọn ti ní èdè wa nìkan ni kí wọ́n máa sọ. Ẹ sì mọ òkúta ibẹ̀, kì í bo àṣírí: ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ìsàlẹ̀ máa ń dé òkè ketekete. Maren ní, "Jímọ̀ ni mò ń padà sílé. Mi ò ní sọ fún un. Mi ò lè wo ẹkún rẹ̀."

Mo sáré lọ sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n mi, pẹ̀lú ohùn Maren gan-an. Ó bú sẹ́rìn-ín: "Ọ̀bọ! Ó jọ ọ́ o! Ó yá, ṣe ti àlùfáà wa."

"Bọ̀dá mi, òótọ́ ni!"

"Ti àlùfáà ni mo ní o ṣe!"

Ó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì tó máa wọ̀ ní Sátidé báyìí, ó ń súfèé. Èmi ò lè jókòó. Mo ti dé ẹnu ọ̀nà Maren, mo tún padà. Tí mo bá fi ohùn ara mi sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á béèrè ẹni tí mò ń sín jẹ.

Àmọ́ àràárọ̀ ló ń gbọ́ yín nínú bọ́ọ̀sì. Àǹtí, ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé ó burú bí mo ṣe ní kí ẹ bá mi sọ ọ́ fún un lórí rédíò?