Ẹ Má Na Ìkẹ́olúwa Mọ́

Màmá mi,

Ẹ kú ìtọ́jú Ìkẹ́olúwa ọmọ mi. Ara mi le ní Kánádà níbí. Ọwọ́ mi kàn ń gbọ̀n díẹ̀, òtútù ni.

Ẹ ní ìwé kò wọ̀ ọ́ lórí, pé ó ń bínú ṣáá, lẹ ṣe ń nà án. Ẹ jọ̀ọ́, ó tó. Dókítà tó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò rí òjé nínú rẹ̀, ó wá bi mí pé, "Nígbà tó o ń yọ́ òjé bátìrì, ṣé ọmọdé wà nítòsí?" Mo ní ọmọ mi ń rákò nígbà náà lẹ́yìnkùlé wa l'Ókè-Ogbó, níbi tí mo ti ń yọ́ ọ. Ó ní òjé lè ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kó má hàn títí ọmọ á fi wọ ilé ìwé.

Kì í ṣe oríkunkun, Màmá. Èmi ni mo fà á. Ẹ mú un lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ẹ bá mi kí ará ilé. Ẹ sọ fún Ìkẹ́olúwa pé bàbá rẹ̀ ń tọrọ àforíjì.

Adésọjí, ọmọ yín