Ìwé tí Málàm Sani Gbé Wá fún Yín

Bàbá mi àtàtà,

Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń kí ẹni tó ti wà lábẹ́ ilẹ̀ fún oṣù méje, nítorí náà n óò kí yín bí mo ṣe máa ń kí yín láràárọ̀: ẹ káàárọ̀ sà, ṣé ẹ sùn dáadáa?

Kànga wa ti gbẹ. Mai ruwa tó ń ta omi kiri ló ń gbé omi wá fún mi báyìí. Rédíò yín ṣì wà lórí tábìlì. Mo máa ń tàn án láago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ bí ẹ ṣe máa ń ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń sọ kì í wọ̀ mí létí.

Ìwé kan ni mò ń kà láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn. Ìwé òyìnbó ni, ìtàn àròsọ nípa àdúgbò kan ní ìlú Káírò, ní ilẹ̀ Íjíbítì. Kì í ṣe ìtàn kan gbọọrọ. Ìtàn kéékèèké ni, ojú ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹnì kan ló ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n òpópónà kan náà ni gbogbo wọn ń gbé. Ẹni tó ni ìtàn àkọ́kọ́ á kàn gba inú ìtàn kẹfà kọjá, korobá omi á wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan, inú mi á sì dùn bíi pé mo rí ará ilé. Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń tún sítóòfù ṣe. Adití ni, àtẹ́lẹwọ́ ló fi ń mọ̀ bóyá iná ń jó dáadáa. Obìnrin kan wà tí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jáde nílé tí kò padà mọ́. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ló máa ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ náà, á sá wọn, á lọ̀ wọ́n, á sì kó wọn padà sínú àpótí. Ibẹ̀ ni mo ti pa ìwé náà dé fún ọjọ́ méjì. Bàtà Bọ́dé, àbúrò mi, tí ẹ máa ń dán láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú kí ẹ tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mi ò tíì gbé e kúrò lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín.

Ẹ ò mọ ìwé náà. Ẹ̀yin lẹ ni ín, Bàbá. Èmi ni mi ò fún yín.

Ẹ rántí bí a ṣe kúrò ní Ungwan Dosa. Nígbà tí ìjà ẹ̀sìn bẹ́ sílẹ̀, Málàm Sani, ọ̀rẹ́ yín tí ẹ jọ ń kọ́ni nílé ìwé kan náà, tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, ló fi èmi àti ẹ̀yin pamọ́ sínú yàrá ìyàwó rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń sọ fún àwọn tó wá pé àfi kí wọ́n kọ́kọ́ pa òun. Mo mọ gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n Bọ́dé ti lọ wọ mọ́tò ní gáréèjì Kawo láàárọ̀ ọjọ́ tí ìjà náà bẹ̀rẹ̀, kò sì sí nínú àwọn tí Málàm fi pamọ́. A ò rí òkú rẹ̀ sin. Láti ìgbà náà, mi ò fẹ́ fojú kan ẹnikẹ́ni láti àdúgbò yẹn mọ́, ì báà jẹ́ ẹni rere.

Ọdún kan lẹ́yìn tí a kó wá sí Kamazou, Málàm Sani wá. Ọ̀sán gangan ni. Ẹ wà lẹ́yìn ilé, ẹ ń ro oko àgbàdo yín. Mò ń gbọ́ ìró ọkọ́ yín bí mo ṣe dúró dí ẹnu ọ̀nà. Ó ti rù. Ó fi ìwé ìròyìn wé nǹkan kan, ó gbé e mọ́ àyà.

“Ina babanki?” ni ó bi mí. Bàbá rẹ dà?

“Wọ́n ti lọ sí Kábbà.”

“Ìgbà wo ló ń bọ̀?”

“Wọn ò ní padà wá mọ́.”

Ó wò mí títí. Lẹ́yìn náà ó gbé ìwé yìí lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n bá òun fún yín nígbàkígbà tí mo bá rí yín. Ó lọ. Mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ mi. Nígbà tí ẹ wọlé tí ẹ ń fọ ẹsẹ̀, ẹ béèrè ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mo ní ẹni tó ṣìnà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn, ìrọ̀lẹ́ mélòó lẹ jókòó síwájú ilé tí ẹ kọjú sí ọ̀nà? Ẹ á máa fi bíléèdì gbẹ́ pẹ́ńsù tí ẹ ò fi kọ nǹkan kan mọ́. “Àní Sani náà ò lè béèrè mi?” lẹ wí lọ́jọ́ kan. Ẹ̀gbẹ́ yín ni mo wà, mò ń gé ẹ̀fọ́. Kí ló dé tí mi ò lanu? Ẹ ò sọ ọ́ mọ́ títí àìsàn fi gbé yín dè.

Lẹ́yìn ìsìnkú yín ni mo tó tú àpótí náà. Málàm ti fi pẹ́ńsù kọ̀wé sí yín ní etí ewé, ní Hausa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ adití yẹn, ó kọ orúkọ bàbá tó ń tún aago ṣe ní ìkángun òpópónà wa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin tó ń jà nídìí ẹ̀rọ omi, ó kọ orúkọ Mama Rẹ̀mí, aládùúgbò wa nígbà náà, ó fi kún un pé òun ń gbọ́ ẹ̀rín yín láti ibi tí òun wà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó ń fọ ṣẹ́ẹ̀tì, kò kọ nǹkan kan. Ìtàn tó kẹ́yìn jẹ́ ti àgbà ọkùnrin méjì tí ilẹ̀kùn wọn dojú kọra, tí wọn ò bára wọn sọ̀rọ̀ fún ọdún méjìlá, torí pé kálukú ń retí kí ìkejì kọ́kọ́ kí òun. Ibẹ̀ ló kọ ọ́ sí pé: “Èmi ni mo kọ́kọ́ wá. Ṣé o rí mi?”

Mo sunkún débi pé ará ilé kejì wá kan ilẹ̀kùn.

Lánàá mo wọkọ̀ lọ sí Ungwan Dosa, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí a ti kúrò níbẹ̀. Mo ti pinnu pé n óò jẹ́wọ́. Málàm jókòó sórí ẹní níwájú ilé rẹ̀. Ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́, ohùn mi ló fi dá mi mọ̀. Mo kúnlẹ̀, mo sọ fún un pé ẹ ti kú.

“Allah ya jikansa,” ó wí, kí Ọlọ́run ṣàánú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló wí i. Lẹ́yìn náà ó ní, “Mo gbọ́ ìró ọkọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé kò fẹ́ rí mi ni. Mi ò bínú. Sọ fún mi, ṣé ó padà ka ìwé náà?”

Bàbá, ẹnu tí mo fẹ́ fi jẹ́wọ́ ni mo fi sọ pé, “Wọ́n kà á, sà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí nígbà tí wọ́n dé ibi ẹ̀rọ omi.”

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀, omi ń dà lójú rẹ̀. Ó pe ìyàwó rẹ̀ jáde. “Ó kà á! Ṣé mi ò sọ fún ẹ?” Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní òun fẹ́ dé ibi tí a sin yín sí, pé kí n wá mú òun lọ́jọ́ Sátidé.

Ọ̀tunla nìyẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń ro ìtàn inú ìwé náà fún yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò gbà gbọ́ pé ẹ ń gbọ́ mi. Málàm á dúró níbẹ̀, á bi yín léèrè èyí tí ẹ fẹ́ràn jù nínú wọn. Èmi á di apá rẹ̀ mú kó má baà ṣubú, n ò sì ní lè sọ òtítọ́ létí ẹni tó kù nínú ẹ̀yin méjèèjì.

Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ dárí jì mí. Ọ̀rọ̀ náà ti ju ẹ̀bẹ̀ lọ.

Èmi ni ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí kò sì ṣe bí ẹni tó fẹ́ràn yín.